Owó oṣù tó lọ sókè: ṣé ọjà ló ń mú wọ́n ni, àbí ọjà ló ń mú tà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà ní yunifásítì, ọrọ̀-ajé ni mò ń kọ́. Màmá mi ń ta prófíṣọ̀n ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kéde ní 2024 pé owó oṣù tó kéré jù di 73,000 náírà, olùkọ́ wa kan ní ọjà yóò gbówó lórí, iṣẹ́ yóò sì wọ́n, pé kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i. Mo délé, mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé ni àwọn ń rí mílíìkì àti ṣúgà tà. Tí kò bá wọlé, eṣinṣin ni àwọn ń lé. Mo wá ń ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní post-Keynesian fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn jọ ti màmá mi. Wọ́n tún ní báńkì kì í fi owó tí àwa kó pamọ́ yá ẹlòmíràn. Èyí ló rú mi lójú jù. Ta ni kí n gbà gbọ́?

* * *

Àbúrò mi, ti màmá rẹ ni kí a fi ṣáájú.

Ohun tí olùkọ́ rẹ sọ kì í ṣe irọ́ bí o bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo. Níbẹ̀, ìnáwó ni owó òṣìṣẹ́. Bí ó bá lọ sókè, èrè ọ̀gá á dín, tàbí kí ó fowó lé búrẹ́dì, tàbí kí ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí o gba Ọ̀nà Ọba Adésídà wọ inú ọjà. Owó tí ọ̀gá kan ń pè ní ìnáwó, òun náà ni ìyá oníprófíṣọ̀n ń pè ní títà. Owó kan náà ni. Ẹni tó bá kà á sí ìnáwó nìkan, ìdajì ìwé ìṣirò ló kà.

Ibi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ post-Keynesian tí ò ń kà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń jẹ́, nítorí ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1936, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Michał Kalecki ni bàbá ọ̀rọ̀ pínpín owó. Ará Poland ni, 1899 ni wọ́n bí i. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló bẹ̀rẹ̀, kò parí rẹ̀. Ọrọ̀-ajé tó wá fi lókìkí, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ní 1933 ó ti tẹ èrò rẹ̀ jáde ní èdè wọn, ọdún mẹ́ta kí ìwé Keynes tó dé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé níbo ni èrè gbogbo onílé-iṣẹ́ ìlú kan, tí a bá pa á pọ̀, ti ń wá? Ó ní kì í ṣe inú owó tí wọ́n gé kúrò lára ti òṣìṣẹ́. Inú ohun tí àwọn olówó fúnra wọn ná ló ti ń wá: ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, jíjẹ àti mímu wọn. Kí o wá fi owó tí ìjọba ná kọjá owó orí tó gbà kún un, kí o fi èrè òwò òkèèrè kún un, kí o sì yọ ohun tí òṣìṣẹ́ fi pamọ́. Àwọn tó tẹ̀lé e kó o pọ̀ sínú gbólóhùn kan: òṣìṣẹ́ a máa ná ohun tó bá gbà, onílé-iṣẹ́ a máa gba ohun tó bá ná.

Fara balẹ̀ wò ó. Bí gbogbo ọ̀gá Àkúrẹ́ bá gé owó òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí wọn ò sì fi owó tí wọ́n gé dá nǹkan tuntun sílẹ̀, èrè wọn lápapọ̀ ò ní lé. Ọjà tí wọn ò rí tà ni yóò gbé owó náà mì.

* * *

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì kọ sí mi pé: "Ọmọ mi, lẹ́yìn 73,000 yẹn, ṣé ìrẹsì ò wọ́n sí i ni?"

Bàbá, ó wọ́n. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn, èmi náà ń ra ìrẹsì. Ọjọ́ ni kí a jọ wò. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nínú oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ó lọ wá iye ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ti fò sókè, tí ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró sì tẹ̀lé e. Ó di oṣù Keje 2024 kí àfikún owó oṣù tó di òfin ní Àbújá, láti 30,000 tó ti wà láti 2019 sí 70,000. Ẹni tó dé ní oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí adìyẹ ti sọnù, ẹ ò lè ní òun ló jí i. Nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà fi dé 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024, owó oṣù ṣì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ni.

Mo lọ bá ẹni tó ní ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò wa, mo ní kí ló ń jẹ yín lówó jù? Ó ní ìyẹ̀fun. Ó ní ṣúgà. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo rán an létí kí ó tó dárúkọ àwọn ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun. Àlìkámà òkèèrè ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun yẹn, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Kalecki ti ṣàlàyé pé ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe, ẹni tó ṣe é ló ń ka ohun tó ná, tó sì ń gbé èrè lé e; bí èrè náà ṣe máa ga tó wà lọ́wọ́ bí agbára rẹ̀ ṣe tó lórí ọjà. Síméńtì tí ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ń ṣe kò lè rí bí àkàrà tí obìnrin ogún ń dín ní àdúgbò kan. Ní 1977, Bob Rowthorn, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, wá fi kún un pé ìjà lórí pínpín ni ọ̀wọ́n ọjà. Aṣọ ìbora ò tó: òṣìṣẹ́ fà á, ọ̀gá fà á, ẹni tó ń ta dọ́là fà á. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ síta lónìí á tún fà á lọ́la. Ní Nàìjíríà, ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ti wà níta.

Kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní nǹkan bí 2016, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò rí owó oṣù san fún oṣù bíi mélòó kan. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nígbà yẹn, èmi náà ṣì ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ò rí owó ìdá san, a mọ ìdí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́, tí ìjọba kankan ò sanwó oṣù fún rí, àwọn náà ò rí san. Ìwé àwìn wọn ti kún. Ẹni tó ń rán aṣọ ń retí owó lọ́dọ̀ tíṣà, ẹni tó ń ta ata ń retí lọ́dọ̀ aránṣọ, ọlọ́kadà ń retí lọ́dọ̀ aláta. Tí ó bá jẹ́ pé owó oṣù ló ń mú ọjà wọ́n, ọdún yẹn ló yẹ kí ọjà pọ̀ rẹpẹtẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí 2016 fi parí, ọ̀wọ́n ọjà Nàìjíríà ti kọjá 18 nínú ọgọ́rùn-ún.

* * *

Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí ló sọ èyí tó le jù: "Owó oṣù tí ẹ ń gbé lárugẹ yìí, Ṣáínà ló ń lọ. Fóònù ni, jẹnẹrétọ̀ ni, kò sí èyí tí a ṣe níbí."

Mo gbà fún ọ dé àyè kan. Àwọn onímọ̀ yìí fúnra wọn ti ja ìjà náà. Ní 1990, Amit Bhaduri àti Stephen Marglin kọ iṣẹ́ kan tó da ìdúró ọ̀pọ̀ nínú wọn rú. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tó ń tẹ̀lé Kalecki máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ibi gbogbo ni àfikún owó oṣù ń mú ọrọ̀-ajé dàgbà. Àwọn méjèèjì ní rárá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìlú wà tí owó oṣù ń tì síwájú, ìlú sì wà tí èrè ń tì. Bí owó bá ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ìnáwó ọjà á pọ̀ sí i, torí òṣìṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí owó tọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá lè tìtorí ẹ̀ fà sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ tó fẹ́ rà, ọjà tí a ń tà sókè òkun sì lè wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ. Èyí tó bá wúwo jù nínú wọn ló ń pinnu. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ẹnu lásán ò lè parí ẹ̀.

Ibi tí mo ti bá ọ yapa nìyí. O ń ka fóònù òṣìṣẹ́, o ò ka jíìpù ọ̀gá. Nínú 73,000, èló ló ń kù lẹ́yìn gàrí, ẹ̀wà, iṣu, owó ọkọ̀ àti owó ilé? Gàrí wá láti abúlé, iṣu wá láti oko, onílé wà ní Ìjàpọ̀ tàbí Ìṣìnkàn. Owó yẹn ṣì ń yí ká láàárín wa kí ó tó jò lọ. Owó ńlá kì í pẹ́ kí ó tó jò: ọkọ̀ láti òkèèrè, owó ilé-ìwé ọmọ lókè òkun, dọ́là tí a rà pamọ́. Bí a bá fẹ́ ka ohun tó ń jò, ti apá méjèèjì ni kí a kà.

Mo sì gbà pé ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ohun tí Àkúrẹ́ bá rà ní Èkó, òkèèrè ni fún Àkúrẹ́. Àbúrò mi, kọ èyí sínú iṣẹ́ rẹ kí olùyẹ̀wò má bàa fi mú ọ.

* * *

Àwọn ará Ìdànrè ti ń bínú pé mi ò dárúkọ kòkó. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kòkó gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Kalecki.

Ó ya ọjà sí oríṣi méjì. Búrẹ́dì àti síméńtì, ìnáwó ẹni tó ṣe é ló ń sọ iye rẹ̀. Ohun oko àti ohun inú ilẹ̀, bí àwọn tó ń rà á ṣe ń wá a ló ń sọ iye rẹ̀, torí o ò lè pe igi kòkó pé kí ó so sí i lọ́la. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là nílùú òyìnbó, torí òjò àti àrùn igi ti ba ti Ghana àti Côte d'Ivoire jẹ́. Kò sí ẹnì kankan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó fi ohunkóhun kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí owó yẹn tó dé. Nínú 2025, ó já wálẹ̀ kọjá ìdajì. Nígbà tó fi lé, ilẹ̀ gbówó lórí, ọ̀kadà tuntun kún abúlé. Nígbà tó já, ẹni tó ti yá owó ra oko ẹlòmíràn lórí iye 2024 ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ sì má gbàgbé pé ìjà pínpín ti wà lórí kòkó kí èyíkéyìí nínú wa tó mọ orúkọ Keynes. Láyé ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó fún ìjọba, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á. Inú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti rí ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Bàbá mi jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, bàbá bàbá mi ló sì gbin kòkó tí wọ́n fi sanwó rẹ̀. Ṣé wọ́n yan bàbá bàbá mi jẹ ni, àbí wọ́n ṣe é lóore? Nínú ilé wa, àríyànjiyàn yìí ò parí rí. Èrò tèmi ni pé nígbà tí owó náà ń di ilé-ìwé àti ọ̀nà, ó ní ohun tí àgbẹ̀ rí mú bọ̀. Nígbà tó di pé owó orí ń lọ sókè tí ọ̀nà oko ò sì ṣeé rìn, Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó kọ ìyà, dìde ní 1968. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ ń gba iye tó súnmọ́ ti ayé, ṣùgbọ́n òun nìkan náà ló ń ṣubú lulẹ̀ nígbà tí iye bá já.

* * *

Ó di ti báńkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé "ṣé báńkì ń tẹ owó ni?", ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ wa ṣàlàyé.

Ní alájẹṣẹ́kù, kí a tó yá ẹnì kan ní 200,000, a ní láti wo àpótí. Bí 150,000 ló wà níbẹ̀, yóò dúró. Owó ẹlòmíràn gan-an la ń kó lé e lọ́wọ́. Èésú àti àjọ ojoojúmọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé alájẹṣẹ́kù ńlá ni báńkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí báńkì bá fọwọ́ sí gbèsè, yóò kọ iye náà sínú àkáǹtì ẹni tó wá yá a, kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì màmá rẹ. Owó tí kò sí láàárọ̀ ti wà lọ́sàn-án. Bí ẹni náà bá san gbèsè tán, owó ọ̀hún á pòórá. Basil Moore, ọ̀kan nínú àwọn post-Keynesian, kọ odidi ìwé lórí èyí ní 1988, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ya kúrò lọ́nà. Ní 2014, Bank of England, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí ẹgbẹ́ wa ò lè ṣe é? Torí kò sí oníṣòwò ìrẹsì kan tí yóò gba ìwé tí èmi akọ̀wé fọwọ́ sí, kí ó sì gbé àpò ìrẹsì fún ọ. Ṣùgbọ́n tíránsífà báńkì, gbogbo ọjà ló ń gbà á. Gbèsè báńkì ti di owó. Gbèsè tiwa ò tíì dì í.

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Alágbàkà já mi ní koro: ó ní ní oṣù Kẹsàn-án 2024, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí àwọn kó 50 nínú gbogbo 100 tí a bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní báwo ni owó tí a fi pamọ́ ò ṣe ní já mọ́ nǹkan? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìwé tí wọ́n kọ nílùú òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ ronú nípa irú 50 yìí. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ gbèsè di ọ̀wọ́n, bí owó orí tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀. Kò sọ báńkì di alájẹṣẹ́kù.

Èlé ló sì yẹ kí ó máa dùn wá. Ní oṣù Kọkànlá 2024, èlé tí CBN fi lélẹ̀ dé 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún. Báńkì wo ni yóò jókòó ṣírò bóyá aláta lè san gbèsè, nígbà tí ó lè ra ìwé gbèsè ìjọba kí ó sì sùn? Ẹni tó lówó tẹ́lẹ̀ ń gba èlé lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba sì ń san án nínú owó gbogbo wa. Pínpín owó nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Keynes kọ ọ́ ní 1936 pé ó yẹ kí irú ẹni tó ń jẹun lórí èlé láìṣiṣẹ́ pòórá díẹ̀díẹ̀, láìsí ìjà. Àwọn tó gbè sẹ́yìn CBN ní èlé gíga ló ń fa dọ́là wọlé kí náírà má bàa ṣubú sí i. Mo gbọ́ wọn, kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó yá owó ní èlé bẹ́ẹ̀, orí ọjà ni yóò gbé e lé.

* * *

Ní kúkúrú lórí Hyman Minsky, torí ẹni méjì ló bèèrè. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà ni, ó kú ní 1996. Nígbà tí báńkì dàrú ní 2008 ni gbogbo ayé wá ń wá ìwé rẹ̀ kiri. Ó ní ajigbèsè mẹ́ta ló wà. Ẹni àkọ́kọ́, ohun tó ń wọlé fún un tó san èlé àti ojú owó. Ẹni kejì, èlé nìkan ló lè san, ojú owó ń bẹ níbẹ̀. Yorùbá mọ ẹni yìí dáadáa: ìwọ̀fà ni. Ìwọ̀fà á ro oko olówó títí, iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé, ojú owó ò dín ní kọ́bọ̀ kan. Ẹni kẹta ò lè san èlé pàápàá. Ó ń yá tuntun san ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Minsky sọ tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìgbà tí nǹkan bá dára ló ń sọ ẹni àkọ́kọ́ di ẹni kẹta. Ọkàn á balẹ̀, olówó á máa yáni láìwò, ajigbèsè á máa gbà láìrò. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló yá owó báńkì ra ṣíà. Ní 2008 ṣíà já; ní 2009 CBN ní láti da 620 bílíọ̀nù náírà sínú àwọn báńkì kí wọ́n má bàa wó. Ní ẹgbẹ́ tiwa, ní 2016 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó lọ́wọ́ wa lọ fi sínú ètò tó ń ṣèlérí ìlọ́po owó lóṣooṣù. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mi ò sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìyá kan nínú wọn ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó lè san tán. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè.

* * *

Àbúrò mi, o tún kọ̀wé pé o ṣì fẹ́ mọ ẹni tí o máa gbà gbọ́. Màmá rẹ ni mo máa gbà gbọ́ lórí ọjà Àkúrẹ́, olùkọ́ rẹ lórí ilé búrẹ́dì kan. Má kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pé owó oṣù kì í mú nǹkan wọ́n láé. Kọ ọ́ pé ní 2023 àti 2024, ó dé lẹ́yìn ọ̀wọ́n ọjà, kí o sì to àwọn ọjọ́ náà bí mo ṣe tò wọ́n fún tíṣà àgbà.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni ni kí o wá kún un. Lọ sí ilé búrẹ́dì mẹ́ta, kí o bèèrè nínú 1,000 náírà tí wọ́n ná, mélòó ló jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Jókòó ti màmá rẹ fún oṣù mẹ́ta, kí o kọ títà ọ̀sẹ̀ owó oṣù sọ́tọ̀, kí o kọ ti ọ̀sẹ̀ tó kù sọ́tọ̀, kí o sì kọ iye tí wọ́n ta agolo mílíìkì kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iye rẹ̀ bá ń yí nígbà tí dọ́là yí, tí kò sì yí nígbà tí owó oṣù wọlé, o ti rí nǹkan sọ.

Kí o sì bá mi bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìwé àwìn 2016 ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí ó bá wà, ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lónìí, kí ẹnì kan tó fa á ya fi pọ́n ẹ̀pà.